Mò ń kó láti Texas lọ sí Maryland, mo ní ìbọn nílé: kí ni kí n ṣe?

ará_Houston
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìyàwó mi ti rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí Maryland, ìparí oṣù tó ń bọ̀ la máa kó. Ìbọn méjì ni mo ní. Ọ̀kan jẹ́ ìbọn ìléwọ́ tí mo rà nígbà tí àwọn olè ń fọ́lé ládùúgbò wa. Èkejì jẹ́ irú AK-47 kan tí ọ̀rẹ́ mi tà fún mi, pápá ìyìnbọn nìkan ni mo máa ń gbé e lọ. Green card lèmi àtìyàwó mi ní. Ọmọ wa méjì, àgbà ti pé 15, àbúrò rẹ̀ jẹ́ 9. Ní Texas níbí, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ìwé rí. Inú ọkọ̀ ni ìbọn ìléwọ́ yẹn ń gbé, nínú àpótí tó wà láàárín ìjókòó méjèèjì. Àwọn kan ń sọ pé bí mo bá gbé e wọ Maryland báyìí, wàhálà ló dé. Àwọn mìíràn ní Amẹ́ríkà kan náà ni, òfin kan náà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Bàbá_Bowie
Àbúrò, o káre tó o béèrè kó o tó gbéra. Púpọ̀ nínú wa, ìgbà tí ọlọ́pàá bá ti dá wọn dúró ni wọ́n ń béèrè.

Òfin ìbọn kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo ní ilẹ̀ yìí. Ti ìjọba àpapọ̀ wà, ó de gbogbo wa. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì tún ṣe tiwọn lé e lórí, Texas kọrí sápá kan, Maryland kọrí sápá kejì. Lọ́dún 2021 ni Texas ṣe òfin HB 1927, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án: ẹni tó bá ti pé ọdún 21, tí òfin kò sì ka ìbọn léèwọ̀ fún, lè gbé ìbọn ìléwọ́ jáde láìgba ìwé kankan. Ọ̀dọ̀ wa níbí, okùn ni wọ́n ń fún le sí i láti 2013. Lẹ́yìn tí wọ́n pa ọmọdé 20 àti àgbàlagbà 6 ní iléèwé Sandy Hook ní Connecticut ní òpin 2012, ilé aṣòfin Maryland jókòó, Gómìnà O'Malley sì buwọ́ lu òfin tuntun lóṣù Karùn-ún 2013. Òfin yẹn ló máa bá ìwọ àti ẹrù rẹ níbodè.

AK yẹn ni kó o kọ́kọ́ mójú tó, nítorí kò gbọdọ̀ wọlé rárá. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé òfin pẹ̀lú àwọn ìbọn ogun tí wọ́n fòfin dè. Ẹni tó ti ní tirẹ̀ ní Maryland kí ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2013 tó pé lè fi pamọ́ sílé, ṣùgbọ́n ẹnì kan kò lè gbé òmíràn wọ ìpínlẹ̀ yìí láti ìta mọ́. Bóyá o rà á lọ́nà tó tọ́ ní Texas kò yí i padà.

Ìbọn ìléwọ́ ní tirẹ̀ lè wọlé. Àmọ́ láàárín 90 ọjọ́ tó o bá ti di olùgbé Maryland, o gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Maryland. Má dúró de ọjọ́ kọkàndínláàádọ́rùn-ún. Ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ bá gba ìwé ilé ni kó o ṣe é. Kó o sì gbàgbé àpótí àárín ìjókòó yẹn. Gbígbé ìbọn ìléwọ́ sínú ọkọ̀ báyẹn láìní ìwé àṣẹ ìgbébọn ti Maryland, ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbéni lọ sẹ́wọ̀n ni níbí. Bó o tiẹ̀ ní ìwé àṣẹ ti Texas, Maryland kì í ka ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ míì sí.

ará_Houston
Há! Ẹ ṣé, sà. Ṣé mo lè fún àbúrò mi ní AK náà kó máa bá mi tọ́jú rẹ̀ ní Houston?

Bàbá_Bowie
Bí òun náà bá jẹ́ ẹni tí òfin gbà láyè, tó sì ń gbé Texas, ẹ ṣe é NÍSINSÌNYÍ tẹ́ ẹ ṣì jọ jẹ́ ará Texas. Bó o bá ti di ará Maryland, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kó o kàn na ìbọn sí ará ìpínlẹ̀ mìíràn lọ́wọ́ lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá rẹ. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò ìbọn tó ní láísẹ́ǹsì ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ohun tó dá mi lójú jù ni pé kó o tà á fún oníṣòwò bẹ́ẹ̀ kó o tó kúrò, kó o gba risíìtì, kó o fi risíìtì náà pamọ́.

olùkọ́ni_Laurel
Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn èèyàn ní ìlò ìbọn, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrìn náà fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀.

Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà láti 1986 tó ń dáàbò bo ẹni tó ń gbé ìbọn kọjá láti ibi tó ti bófin mu lọ síbi tó ti bófin mu. Àmọ́ ó ní bó ṣe fẹ́ kí ẹ dì í. Ìbọn kò gbọdọ̀ ní ọta nínú, àti ìbọn àti ọta kò sì gbọdọ̀ wà níbi tí ọwọ́ awakọ̀ tàbí ọwọ́ èrò lè tó. Búùtù ni. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ irú èyí tí búùtù rẹ̀ ṣí sí inú, àfi kí ẹ tì í mọ́ inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, àpótí iwájú èrò àti ti àárín ìjókòó kò sì sí lára rẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń ní kí wọ́n ṣe é nìyí. Dojú ẹnu ìbọn kọ ibi tí kò sí ẹ̀dá. Kọ́kọ́ yọ magazine, ìyẹn àpò tí ọta ń wà, kúrò. Fa orí ìbọn sẹ́yìn títí yóò fi dé òpin, kí ọta tó bá wà nínú ihò já bọ́. Dì í mú bẹ́ẹ̀, wo inú ihò, kó o tún fi orí ọmọ ìka kékeré kàn án, torí pé lóru tàbí nínú gáràjì tí iná kò ti mọ́lẹ̀, ojú lè purọ́ fún ọ. Ọ̀pọ̀ tó yìnbọn mọ́ ara wọn, ọta tó wà nínú ihò ni wọn kò rántí, wọ́n ti yọ magazine, ọkàn wọn ti balẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìbọn sínú àpótí líle, àgádágodo lórí rẹ̀. Ọta sínú páálí tirẹ̀, níbòmíràn nínú búùtù. Kọ́kọ́rọ́ sápò rẹ.

Bẹ́ ẹ bá dé àgbègbè ibí, ẹ yí po, ẹ má gba inú Washington DC kọjá nítorí pé ọ̀nà yá. DC ní òfin tirẹ̀, gbogbo ìbọn ni wọ́n ní kí olówó rẹ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, n kò sì fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì níbẹ̀ tẹ́ ẹ máa máa ṣàlàyé òfin 1986 fún ọlọ́pàá.

Bí ẹ bá fẹ́ bá ọkọ̀ òfúrufú wá, àpótí líle tó ní àgádágodo, inú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín nìkan, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ fún wọn ní káńtà kí ẹ tó fà á lé wọn lọ́wọ́. Ẹ tú gbogbo báàgì tẹ́ ẹ máa gbé lọ́wọ́ wò, ẹ yẹ inú àpò ẹ̀gbẹ́ wò, ọta ẹyọ kan ṣoṣo tó bá sá síbẹ̀ ti tó láti dá ìrìn yín dúró.

ọmọ_Ìbàdàn
Ẹ jọ̀wọ́, èmi H-1B, físà iṣẹ́, ni mo ní. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní kí n bá òun lọ sí pápá ìyìnbọn lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé kò sí nǹkan kan níbẹ̀?

lọ́yà_wa
Àbúrò, ó wà o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí físà, H-1B, F-1 ọmọ ilé-ìwé, físà àbẹ̀wò, gbogbo yín pátá, òfin ìjọba àpapọ̀ ka níní ìbọn tàbí ọta léèwọ̀ fún yín, kò sì sí ìpínlẹ̀ tó lè fàyè gbà yín lórí ìyẹn, Texas kò lè ṣe é. Àwọn ìyàsọ́tọ̀ kan wà, bíi ti ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan fún un tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ara lé e láìjẹ́ pé ẹ ti jókòó ti lọ́yà. Láti 2022 ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ti sọ ẹ̀wọ̀n rẹ̀ di ohun tó lè tó ọdún 15. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé ẹ kò ní lè wá. Ẹ kò jẹ ẹ́ ní àlàyé kankan.

Ará_Houston, ti ìwọ tó ní green card yàtọ̀. Òfin gbà ọ́ láyè láti ra ìbọn àti láti ní in. Ṣùgbọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn ju gbogbo èyí tí wọ́n ti sọ lókè lọ. Ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bá mú pẹ̀lú ìbọn láìní ìwé yóò san owó ìtanràn, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n, yóò sì padà sílé rẹ̀. Ìwọ, òfin ìwọlé-wọ̀dè sọ pé àjèjì tí kóòtù bá dá lẹ́bi nítorí pé ó ra ìbọn, tà á, ní in tàbí gbé e lọ́nà tó lòdì sófin, wọ́n lè dá a padà sí orílẹ̀-èdè rẹ̀. Green card kò dí i. Ogún ọdún tó o ti fi san owó orí kò dí i.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn ìbọn nítorí pé agbẹjọ́rò ìjọba ní àwọn máa jẹ́ kó mọ sí owó ìtanràn. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ lọ́dún 2010, nínú ẹjọ́ Padilla, pé lọ́yà tó ń gbèjà àjèjì gbọ́dọ̀ là á yé e bí gbígbà pé òun jẹ̀bi bá lè mú kí wọ́n lé e kúrò nílùú. Ẹ bi lọ́yà yín ní ìbéèrè náà lójú ara yín. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó pe lọ́yà tó mọ òfin ìwọlé-wọ̀dè.

nọ́ọ̀sì_Lanham
Ẹ̀gbọ́n, mo kí ìyàwó yín kú oríire iṣẹ́ o. Ẹ̀ka pàjáwìrì ni mò ń ṣiṣẹ́ sí, mi ò ní sọ ohun tí ojú mi ti rí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ló ká mi lára.

Ẹ ní àgbà ti pé 15. Ní Texas, òfin fífi ìbọn síbi tọ́wọ́ ọmọdé lè tó dúró lórí ọmọ tí kò tíì pé 17. Maryland gùn jù ú lọ: láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2023, ẹ kò gbọdọ̀ fi ìbọn tó ní ọta nínú síbi tí ọmọ tí kò tíì pé 18 lè dé láìsí àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ọ. Òfin Jaelynn ni wọ́n ń pè é. Jaelynn Willey jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tí ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan yìnbọn fún un ní iléèwé Great Mills High School lóṣù Kẹta 2018. Ìbọn bàbá ọmọkùnrin náà ni. Bàbá yẹn kò jí ìbọn, kò rà á lẹ́yìn òfin, ìbọn náà kàn wà nílé ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ rò ó dáadáa.

Nítorí náà, séèfù ni, kì í ṣe orí kọ́bọ́ọ̀dù, kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe inú àpótí aṣọ òkè ìyàwó. Àwọn ọmọ mọ gbogbo ibẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ máa fi ṣí i, kó má jẹ́ ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Ohun kan tún wà tí a kì í rántí. Bí ìyá bá ti Nàìjíríà dé láti wá bá wa gbọ́mọ, físà àbẹ̀wò ni wọ́n bá wá. Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. Ìyá mi wà lọ́dọ̀ mi fún ìgbà pípẹ́, ọkọ mi sì ní ìbọn.

lọ́yà_wa
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Lójú òfin, níní kò túmọ̀ sí pé ó wà lọ́wọ́ ẹni nìkan. Bí ènìyàn bá mọ̀ pé ìbọn wà níbẹ̀, tó sì ní agbára láti mú un nígbà tó bá fẹ́, wọ́n lè pe ìyẹn ní níní. Bí ìyá bá ń sùn ní yàrá tí ìbọn wà, tí kọ́kọ́rọ́ séèfù ń rọ̀ lára ògiri, ẹ ti sún wọn sí ẹnu nǹkan tí wọn kò mọ̀dí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìyàwó tó wà lórí H-4, físà ìyàwó ẹni tó ní H-1B, tàbí ẹ̀gbọ́n tó wá kàwé. Ẹni tí ìbọn jẹ́ tirẹ̀ nìkan ni kó mọ nọ́ńbà séèfù. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ẹ má rán ìyá níṣẹ́ pé “ẹ bá mi gbé àpótí yẹn kúrò níbẹ̀” láé.

Káyọ̀dé_DMV
Èmi kò fara mọ́ bí gbogbo yín ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìbọn jẹ́ ẹ̀gbin. Òfin ilẹ̀ yìí fi fún wa. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fọ́ òfin New York yángá ní 2022. Kí ló dé tí ẹ tún ń ní kí arákùnrin yìí lọ kọ orúkọ ìbọn rẹ̀ fún ọlọ́pàá?

Bàbá_Bowie
Káyọ̀dé, mo gbọ́ ọ, n kò sì pe ìbọn ní ẹ̀gbin. Èmi náà ní ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹjọ́ Bruen, ti òfin New York tó o sọ yẹn, sọ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà 2022 ni pé ìpínlẹ̀ kò lè ní kí èèyàn kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí pàtàkì kó tó lè gbébọn jáde. Maryland náà ní irú gbólóhùn yẹn nínú òfin rẹ̀, Gómìnà Hogan sì ní kí àwọn ọlọ́pàá pa á tì ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún yẹn. Láti ìgbà náà, ará ìlú lásán ń rí ìwé àṣẹ ìgbébọn gbà. Ilé aṣòfin wá padà sídìí ọ̀rọ̀ náà: òfin tí Gómìnà Moore buwọ́ lù lóṣù Karùn-ún 2023 fi àwọn ibi tí a kò gbọdọ̀ gbébọn dé kún un, àtẹni tó ní ìwé àṣẹ àtẹni tí kò ní. Ilé ẹni ẹlẹ́ni láìgba àyè wà lára rẹ̀, ilé ìwòsàn náà wà níbẹ̀, kí ìyàwó ará_Houston fetí sí ìyẹn.

Àwọn tó bínú lọ sí kóòtù. Wọ́n pe ẹjọ́ tako ìwé ẹ̀rí tí a ń gbà ká tó ra ìbọn ìléwọ́. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn gbè wọ́n ní 2023, gbogbo adájọ́ kóòtù náà tún jókòó, wọ́n yí i padà lóṣù Kẹjọ 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì kọ̀ láti gbọ́ ọ lóṣù Kìíní 2025. Ti ìbọn ogun náà, wọ́n kọ̀ láti gbọ́ ọ lóṣù Kẹfà 2025. Bí ó bá wù ọ́ kó yí padà, o ní aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò rẹ ní Annapolis, olú-ìlú Maryland, kọ̀wé sí i. Òfin tó wà nílẹ̀ lónìí ni wọ́n máa fi dá ará_Houston lẹ́jọ́, kì í ṣe èyí tí a ń retí.

olùkọ́ni_Laurel
Fún ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ tuntun níbí: kẹ́ ẹ ti pé 21, kẹ́ ẹ gba ẹ̀kọ́ wákàtí 4 tẹ́ ẹ ti máa yìn ín lójú olùkọ́, kẹ́ ẹ lọ tẹ̀ka, kẹ́ ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ Ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀. Bí ẹ bá ti wá rí ìbọn tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ máa dúró fún ọjọ́ 7 kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sílé. Magazine tó ń gba ju ọta 10 lọ, wọn kò gbọdọ̀ tà á fún yín níbí. Ìwé àṣẹ ìgbébọn ní tirẹ̀ gba ẹ̀kọ́ wákàtí 16. Láìsí i, ẹ lè gbé ìbọn lọ sí pápá ìyìnbọn tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, láìsí ọta nínú rẹ̀, nínú àpótí tó ti pa. Ẹ má yà ra búrẹ́dì lọ́nà.

ìyá_ìjọ
Àwọn olórí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní PG County (Prince George's County) ní Maryland níbí fẹ́ kí àwọn ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà máa gbébọn. Wọ́n ní ní Texas, ará ìjọ kan ló yìnbọn pa ẹni tó wá pààyàn ní White Settlement ní 2019, pé bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, òkú ì bá pọ̀ ju méjì lọ.

olùkọ́ni_Laurel
Òótọ́ ni, Mà. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà ni Texas ti ṣe òfin pé ẹni tó ní ìwé àṣẹ lè gbébọn wọ ilé ìjọsìn, àyàfi bí ìjọ bá fi àmì hàn pé àwọn kò fẹ́. Àti pé ẹni tó yìnbọn lọ́jọ́ náà jẹ́ olùkọ́ ìbọn, kì í ṣe ẹni tó kàn nígboyà. Ní Maryland, ẹni kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìgbébọn tirẹ̀. Bí ìjọ yín bá sì ní iléèwé nínú ọgbà, òfin iléèwé bo ọgbà náà. Ẹ jẹ́ kí ìjọ gba lọ́yà kẹ́ ẹ tó fún ẹnikẹ́ni níṣẹ́ yẹn.

ọmọ_Ìbàdàn
Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé n kò lọ. Ẹ ṣeun.

lọ́yà_wa
Ẹ jẹ́ kí n tètè fi èyí kún un. Igbó ti bófin mu fún àgbàlagbà ní Maryland láti oṣù Keje 2023, ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ kò tíì gbà á. Fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ máa kọ lọ́dọ̀ oníṣòwò ìbọn béèrè bóyá ẹ ń lo oògùn olóró, ó sì sọ ọ́ síbẹ̀ pé igbó wà lára rẹ̀, ohun yòówù tí ìpínlẹ̀ yín ì báà sọ. Irọ́ lórí fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ ni.

àǹtí_Baltimore
Mo ń ka gbogbo rẹ̀ láti àná, mi ò mọ bí mo ṣe máa béèrè. Ọkọ àbúrò mi pàdánù iṣẹ́. Ó ti ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò dáa nípa ara rẹ̀. Ìbọn wà nílé.

nọ́ọ̀sì_Lanham
Àǹtí mi, ẹ má dúró. Ẹ pe 988, nọ́ńbà ìrànwọ́ fún ẹni tó ń ronú àtipa ara rẹ̀, nísinsìnyí, òru àti ọ̀sán ni wọ́n ń gbé e, ọ̀fẹ́ ni. Bí ó bá ti mú ìbọn náà lọ́wọ́, 911 ni.

lọ́yà_wa
Maryland ní òfin fún irú èyí láti oṣù Kẹwàá 2018. Ìyàwó rẹ̀, ìbátan rẹ̀, dókítà tàbí ọlọ́pàá lè lọ bá kóòtù pé kí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ fúngbà díẹ̀ nítorí ewu. District Court ni, bí kóòtù bá sì ti palẹ̀ mọ́, ẹ lọ bá kọmíṣọ́nà kóòtù, wọ́n máa ń dá a lóhùn lóru. Ìgbésẹ̀ yìí kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn. Wọn kò fẹ̀sùn kàn án, kò sì sọ ọ́ di ẹni tí kóòtù dá lẹ́bi. Kí àbúrò yín lọ fúnra rẹ̀, kó kọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, àti ọjọ́ tó sọ ọ́.

àǹtí_Baltimore
A ti wà lọ́nà kóòtù báyìí, èmi pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn 988 ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

ará_Houston
Àǹtí, Ọlọ́run á dúró tì yín.

Mo ti pe oníṣòwò ìbọn kan, ọjọ́ Ẹtì ni mò ń gbé AK lọ fún un. Mo ti yọ ìléwọ́ kúrò nínú ọkọ̀ láàárọ̀ yìí, mo ṣe é bí olùkọ́ni ṣe sọ, mo fi ìka kàn án. Mo ti ra séèfù, àmọ́ ìyá ìyàwó mi ń bọ̀ lóṣù Kejìlá. Ṣé kí séèfù wà ní yàrá wa, àbí gáràjì ló dáa jù?

nọ́ọ̀sì_Lanham
Yàrá yín, ẹ̀gbọ́n, kẹ́ ẹ fi irin (bolt) dè é mọ́lẹ̀. Gáràjì làwọn olè kọ́kọ́ ń wọ̀, ibẹ̀ náà sì ni kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ wà.